Agbẹjọ́rò Ẹni Tí Ìlú Kò Fẹ́

Bí a bá ti gbọ́ pé lọ́yà kan gba ẹjọ́ ẹni tí gbogbo ìlú fẹ́ rí lẹ́wọ̀n, òwe tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn a ní owó ni ó fọ́ ọ lójú.

Òwe àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pa á síbi tí ó yẹ. Ẹni tí ó gba epo náà ti mọ̀ pé epo kúrò lájà. Ní ilé ẹjọ́, ohun tí a ṣì ń wádìí ni bóyá epo kúrò lájà rárá, àti ọwọ́ ta ni ó gbé e. Agbẹjọ́rò kò wá jẹ́rìí sí ìwà oníbàárà rẹ̀. Ó wá sọ fún olùfisùn pé kí ó mú ẹ̀rí wá ni. Àwọn baba wa mọ èyí kí aṣọ dúdú àti wíìgì tó dé ilẹ̀ yìí. Bí ìjà bá dé iwájú baálé, kì í dá a lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Yóò ní kí wọ́n lọ pe ẹnìkejì wá, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ wa pàápàá kò fún wọn láyè láti máa ṣa oníbàárà bí ẹni ṣa ẹ̀wà, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìṣèlú ni a máa ń gbàgbé. Ní ọdún 1962, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ Action Group pé wọ́n gbìmọ̀ láti fi ipá dojú ìjọba àpapọ̀ bolẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Nígbà náà, kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ń bá a kẹ́dùn, nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pín sí méjì. Ó yan E.F.N. Gratiaen, ọmọ ilẹ̀ Ceylon tí a ń pè ní Sri Lanka báyìí, ẹni tí ó ti ṣe adájọ́ rí ní ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìlú rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ìgbà náà sọ kedere pé ẹni tí a fi sùn lè fi agbẹjọ́rò tí ó bá wù ú gbèjà ara rẹ̀. Síbẹ̀, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé kò jẹ́ kí Gratiaen wọ̀lú. Olóyè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó; ilé ẹjọ́ dáhùn pé agbẹjọ́rò tí òfin ń wí ni èyí tí ó bá lè wọ Nàìjíríà láìsí ìdènà. Ẹ wo bí a ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, tí a sì ń fi tòsì gbà á padà! Ní ọdún 1963, bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba kò fẹ́ kí Dingle Foot wá gbèjà Olóyè Anthony Enahoro.

Awólọ́wọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ lọ́yà, ni ó dìde gbèjà ara rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá Gratiaen ì bá yí ìdájọ́ náà padà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbà pé ẹ̀sùn náà jóòótọ́ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ pàdánù: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn yóò kọ́kọ́ dáhùn ìdí tí wọ́n fi tilẹ̀kùn mọ́ agbẹjọ́rò lóde.

Títí dé ibí yìí, ilé gbogbo yóò mi orí. Ó kù sí ọdún 1979. Òfin ìdìbò béèrè pé kí ẹni tí yóò ṣe Ààrẹ ní ìdá mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Alhaji Shehu Shagari rí i ní ìpínlẹ̀ 12. Richard Akínjídé, ọmọ Ìbàdàn, ni ó dìde tí ó sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kì í ṣe 13, bí kò ṣe 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ wa pè é ní ọ̀dàlẹ̀, àwọn kan kò sì dárí jì í títí ó fi kú ní ọdún 2020. Lóòótọ́, ọmọ ẹgbẹ́ NPN ni, ìjọba Shagari sì fi í ṣe mínísítà ètò ìdájọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a jà lórí ìṣèlú rẹ̀ lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kò yẹ kí ọmọ Yorùbá kankan gbẹnu sọ fún Shagari ní ilé ẹjọ́ ti di ìbejì mínísítà ọdún 1962.

G.O.K. Àjàyí sọ tẹnu rẹ̀ fún Awólọ́wọ̀, Akínjídé sọ ti Shagari. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, mẹ́fà nínú àwọn adájọ́ méje dá Shagari láre. Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ó yapa. Ó gbọ́ àròyé Akínjídé tán kí ó tó kọ̀ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì ń ka ohun tí ó kọ sílẹ̀ títí di òní.