Àkọsílẹ̀ Tí Kò Ní Àmì



Àwọn ẹ̀rọ rédíò kéékèèké ti wọ ilé àwọn ènìyàn báyìí: wọ́n wà nínú iná, nínú àgádágodo ilẹ̀kùn, nínú ohun tí a fi ń wọn ooru yàrá. Òfin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀lé, èyí tí a ń pè ní IEEE 802.15.4, jáde ní ọdún 2003. Nítorí pé agbára wọn kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ wọn kúrú: ìdì ọ̀rọ̀ kan kì í sábà ju báìtì 127 lọ. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, ẹni tí yóò tún wọn ṣe a gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí yóò máa fetí sí wọn, tí yóò sì máa kọ ohun tí ó gbọ́ sínú fáìlì. Bí ó ti yẹ kí a kọ fáìlì náà ni a fẹ́ sọ.

Àwọn kan ń wí pé kí a kọ ọ̀rọ̀ náà nìkan, pé pàǹtí ni ìyókù. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1875, nígbà tí àwọn bàbá ìjọ péjọ ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá, ni ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ àmì yé wa. Ẹni tí ó kọ “ọkọ” láìfi àmì ohùn hàn kò tíì sọ bóyá baálé ilé ni, tàbí ohun tí a fi ń la odò kọjá, tàbí ohun tí àgbẹ̀ fi ń roko.

Ìlànà pcap àtijọ́ a máa kọ ohun 4 péré ṣáájú ìdì kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú àáyá, ìdá rẹ̀, gígùn tí a pa mọ́, àti gígùn tí ó ní tẹ́lẹ̀. Fún wáyà, ó tó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í ṣe wáyà. Èwo nínú ojú ọ̀nà 16 ti 2.4 GHz ni a ti gbọ́ ọ? Ohùn náà ha lágbára bí?

Ẹ wo báìtì 2 ìparí ìdì, tí a fi ń mọ̀ bóyá ó dé ní pípé. Ẹ̀rọ CC2420, bí a bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a pa wọ́n rẹ́, a sì fi agbára ohùn àti ìdájọ́ ara rẹ̀ rọ́pò wọn. Ẹlẹ́rìí pa òǹtẹ̀ ọba rẹ́ lára ìwé, ó wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé òǹtẹ̀ náà dára! Bí fáìlì kò bá jẹ́wọ́ èyí, òǹkàwé yóò pe ìdì tí ó pé ní ìbàjẹ́.

Ti àkókò ńkọ́? Èsì “mo ti gbọ́” lè dé ní ìdá 192 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn ìdì, bẹ́ẹ̀ ni ìdì tí ó gùn jù ń lò ju ìdá 4,000 lọ. Nítorí náà, ó di dandan kí a sọ bóyá orí ìdì ni a ti ka àkókò, tàbí ìdí rẹ̀.

Bí a kò bá sì wọn agbára ohùn, kí a má kọ 0 sílẹ̀. Ní ìwọ̀n dBm, 0 ní ìtumọ̀: mílíwáàtì 1 ni. Àìmọ̀ kì í ṣe òdo. Kí a má sì da ìdì tí ó bàjẹ́ nù. Ṣé a ó lé aláìsàn kúrò ní ilé ìwòsàn nítorí pé ara rẹ̀ kò dá?

Wọn yóò ní èyí yóò gba àyè. Ìlànà tí a ń pè ní TAP ti dá wọn lóhùn: a kọ irú ohun náà, gígùn rẹ̀, àti ohun náà fúnra rẹ̀. Èyí tí òǹkàwé kò mọ̀, yóò fò ó. Èyí tí ọ̀la bá mú wá, a ó fi kún un. Ìlànà gbangba ni pẹ̀lú, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan tí ń ti ẹ̀rí mọ́ àpótí kí ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan lè kà á.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúwàbí. Àbọ̀ tí a bá kọ sí i, àbọ̀ ni yóò wà títí láé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́, ẹ jẹ́wọ́ ohun tí ẹ yí padà, kí ẹ sì dákẹ́ lórí ohun tí ẹ kò wọ̀n.