Ká tó ra dátà mìíràn, ká kọ́kọ́ yẹ ilé wò

Ní Ladjifarani, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ń falẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé ká bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ká sì lọ ra dátà sí i. Lójú tiwa, owó ọ̀hún ń ṣòfò. Dátà púpọ̀ kì í mú íntánẹ́ẹ̀tì yára; ó kàn ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó tán ni.

Òótọ́ ni pé nígbà mìíràn, ọ̀nà jíjìn ni àléébù ti ń wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, Benin sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fara gbá a. Kò sí ẹni tó lè tún ìyẹn ṣe láti Parakou. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe tojoojúmọ́.

Ẹ yẹ ilé wò ná. Ṣé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni àpótí Wi-Fi wà? Páànù àti ògiri nípọn máa ń dènà rẹ̀. Ẹ gbé e sókè, sí gbangba. Ẹ pa á fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún tàn án. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé padà bí àwọn aládùúgbò bá ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà ń fa nǹkan wọlé fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí náà, kí ẹ wọn bó ṣe ń yára sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá yára pẹ̀lú wáyà, tó sì ń falẹ̀ lórí Wi-Fi, inú ilé ni àléébù wà. Bó bá ń falẹ̀ lọ́nà méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Ẹ rántí pé mẹ́gábíìtì 8 ló wà nínú mẹ́gábáìtì 1: ẹni tó sanwó mẹ́gábíìtì 10 kò lè rí ju mẹ́gábáìtì 1.25 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti iye tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá ilé iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ARCEP Bénin ni ìjọba yàn láti máa ṣàbójútó wọn.

Ẹ̀yin ilé iṣẹ́, a ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Ní ọjà Arzèkè, ẹni tó ń ra àgbàdo máa ń wo òṣùwọ̀n kó tó sanwó. Ẹ bá oníbàárà wọn tirẹ̀ náà, kí ẹ tó ta dátà ńlá fún un.