Ẹran Ẹlẹ́ran Kọ́ Ni A Fi Ń Ṣe Ètùtù

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìtàn máa ń fi ta mí. Wọ́n á ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin babaláwo lẹ máa ń ní ká tu ẹni ibi lójú, ká gbé ìpèsè fún un kó lè yàgò fún wa. Ṣé kì í ṣe ohun tí Chamberlain ṣe fún Hitler náà nìyẹn? Kí ló wá dé tí gbogbo ayé fi ń bú u?" Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọwọ́ ti tẹ̀ mí. N ó dá wọn lóhùn lónìí, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Chamberlain yìí ni olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1938. Hitler, apàṣẹwàá ilẹ̀ Jámánì, ti gba Ọ́sítríà ní oṣù kẹta ọdún náà láìjagun rárá. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ Sudetenland, apá ilẹ̀ Czechoslovakia tí àwọn tó ń sọ èdè Jámánì pọ̀ sí. Chamberlain, àgbàlagbà ẹni ọdún 69, wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan ṣoṣo. Ìgbà kẹta, ní Munich, lọ́jọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, òun àti Daladier ará Faransé àti Mussolini ará Ítálì jókòó ti Hitler, wọ́n sì gbà pé kó máa mú ilẹ̀ náà lọ.

Ta ni kò sí níbi ìjókòó náà? Ẹni tó ni ilẹ̀ ni. Àwọn aṣojú Czechoslovakia wà nínú ìlú kan náà, wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń retí kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n ti fi ilé bàbá wọn ṣe fún wọn. Òru ni wọ́n gbọ́ ọ. Chamberlain padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń na ìwé tí òun àti Hitler jọ fọwọ́ sí sókè, ó ní àlàáfíà ti dé. Àwọn èèyàn ń hó yèè.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ètùtù jẹ́. Bí èèyàn bá wá dífá lọ́dọ̀ mi, tí Ifá ní kó fi ewúrẹ́ rúbọ, owó ara rẹ̀ ni yóò fi rà á. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ kan ẹran náà, tí yóò sọ tinú rẹ̀ sí i. Bó bá lọ tú ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ wá fún mi, olè ló jà, kò tíì rúbọ. Ìpèsè sì ní ìwọ̀n. A máa ń fi ibò bi Ifá léèrè bóyá ohun tí a kó kalẹ̀ tó. Bí Ifá bá ti ní ó tó, ó parí. Hitler kò ní ìwọ̀n. Ó dúró ní gbangba ní Berlin, ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án kan náà, ó ní Sudetenland ni ilẹ̀ ìkẹyìn tí òun yóò béèrè ní Yúróòpù. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1939, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ Prague.

Ewúrẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tú lókùn, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni. Èyí ló máa ń ká mi lára jù. Ní oṣù kẹwàá 1935, Mussolini kógun ja Etiópíà, ó da gáàsì olóró lé àwọn èèyàn lórí. Àwọn orílẹ̀-èdè tó péjọ sí Geneva ní àwọn máa fìyà jẹ ẹ́, wọn ò tà á ní èyí, wọn ò tà á ní tọ̀hún, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan epo, wọn ò sì ti ọ̀nà omi Suez mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Kí ọdún tó parí, Hoare ará Gẹ̀ẹ́sì àti Laval ará Faransé ti jọ ń ṣètò bí wọn yóò ṣe gé apá ńlá nínú Etiópíà fún un. Àṣírí tú, ariwo ta, Hoare fi ipò sílẹ̀. Haile Selassie fúnra rẹ̀ lọ dúró ní Geneva ní 1936, ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́, wọn ò ṣe nǹkan kan. Ní oṣù kẹta 1938 pàápàá, Chamberlain rán aṣojú rẹ̀ sí Hitler bóyá yóò gba ìpín nínú ìṣàkóso ilẹ̀ ní àárín gbùngbùn Áfíríkà. Hitler ni kò kà á sí. Ta ló bi àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ yẹn?

Mi ò ní purọ́ mọ́ Chamberlain. Ogun 1914 ti pa ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ rẹpẹtẹ, ìbátan rẹ̀ tó fẹ́ràn wà nínú wọn. Òun náà fi kún owó tí wọ́n ń ná sórí ọkọ̀ òfurufú ogun. Spitfire ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn ológun ní oṣù kẹjọ 1938, rédà náà kò tíì kárí. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ọdún kan ló rà fún wọn. Ó rà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ra tiẹ̀, ó ra ti Hitler mọ́ ọn. Inú Sudetenland yẹn ni odi tí Czechoslovakia mọ sí ẹ̀bá òkè wà. Ilé iṣẹ́ Škoda tó ń rọ àgbá wà ní ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Jámánì ya wọ Faransé ní 1940, táǹkì tí wọ́n ṣe ní Czechoslovakia wà lára èyí tí ọmọ ogun Rommel gùn lọ.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Láti 1919 títí di 1932, òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ológun wọn ni pé kí wọ́n máa ṣètò bí ẹni pé ogun ńlá kò ní dé láàárín ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Hitler gorí àlééfà. Nígbà tó rán ọmọ ogun wọ Rhineland ní 1936, níbi tí ìwé àdéhùn ti ní kó má dé, àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn pé bí Faransé bá jáde sí wọn, kí wọ́n sá padà. Faransé kò jáde. Ẹ̀yin olóògùn, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń bọ Ògún tí àdá rẹ̀ dógùn-ún ń fi òrìṣà ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Alágbẹ̀dẹ kì í dúró de ọjọ́ ìjà kó tó fẹ́ná. Ifá tó ní kí àgbẹ̀ rúbọ kò ní kó má ṣọgbà yí oko rẹ̀ ká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tún bi mí léèrè ẹni tó san gbèsè náà. Etiópíà tí wọ́n fi ṣe saárà fún Mussolini, àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà wà lára àwọn tó rìn láti Mogadishu dé Harar lọ́dún 1941 láti gbà á padà. Láti ibẹ̀, ogun kan náà gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé igbó Bọ́mà. Ẹni tó bá kọjá ní Ọbáléndé, tó rí Dodan Barracks, orúkọ ibì kan tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà ló ń kà yẹn.