Kẹ̀kẹ́ Lójú Irin: Ta Ló Mọ̀ Pé O Wà Níbẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n lójú irin rélùwéè, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀ kò lè yà sọ́tùn-ún, kò sì lè yà sósì. Ó yẹ kí àwọn òbí fi èyí sọ́kàn, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò tó fi Àbíjàn ṣe ilé, bí ọmọ wọn bá rí fídíò àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójú irin tó sì fẹ́ ṣe tirẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà kò le ṣe. Wọ́n á gbé táyà méjèèjì lé irin kan. Wọ́n á so ọ̀pá kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa nà dé orí irin kejì, táyà kékeré kan á sì wà ní orí ọ̀pá náà kí kẹ̀kẹ́ má baà ṣubú. Wọ́n á tún fi irin kékeré há táyà iwájú kó má baà yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó gùn ún kò ní máa darí rẹ̀, kó ṣáà ti máa fi ẹsẹ̀ wà á. Irin ń dán, kò ní kòtò, nítorí náà kẹ̀kẹ́ á máa sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó ń fa ọmọdé mọ́ra nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, irin á máa yọ̀, bíréèkì kò sì ní mú dáadáa.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1877, George Sheffield, ará Michigan ní Amẹ́ríkà, kan ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà lójú irin, kó lè máa fi lọ síbi iṣẹ́. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní òru ọjọ́ kan, ó bá irin tó ti ṣẹ́ pàdé, ó sì dá ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ dúró kó tó débẹ̀. Bí àṣírí rẹ̀ ṣe tú nìyẹn. Iléeṣẹ́ rélùwéè kò bá a jà, wọ́n ní kó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Ní 1879, ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí gbogbo ayé máa gùn ún. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ojú irin wò ni wọ́n fún, àwọn tí ọ̀gá wọn mọ ìgbà tí wọ́n jáde àti ibi tí wọ́n dé.

Ojú irin Àbíjàn kì í ṣe èyí tí wọ́n pa tì. Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ó sì dé Ouagadougou ní 1954, ìrìn tó ju kìlómítà 1,100 lọ. Láti Treichville, ó gba inú afárá Houphouët-Boigny, lábẹ́ ibi tí mọ́tò ń gbà, ó sì kọjá sí Plateau, Adjamé, Abobo àti Anyama. Ọkọ̀ ẹrù ṣì ń gbà á lọ sí Burkina Faso. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà métró tó máa so Anyama pọ̀ mọ́ Port-Bouët, nǹkan bí kìlómítà 37.

Ọkọ̀ ẹrù tó wúwo lè rìn tó kìlómítà kan lẹ́yìn tí awakọ̀ ti tẹ bíréèkì. Níbi tí ojú irin bá ti yí kọ́rọ́, ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò ní tètè rí ọkọ̀, awakọ̀ kò sì ní tètè rí ọmọ.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá fẹ́ gbádùn irú eré yìí á sanwó, á lọ sí ojú irin tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́, á sì gun ohun tí wọ́n ń pè ní vélorail. Tọmọdé tàgbà ló ń gùn ún. Ẹni tó bá sì fẹ́ wo ìwọ̀n tiwọn ṣe tirẹ̀ ní Àbíjàn, kò ní bá a mu: àlàfo irin méjèèjì lọ́dọ̀ wọn sábà máa ń jẹ́ mílímítà 1,435, ti Àbíjàn sì jẹ́ mítà 1 péré.

Nítorí náà, bí ọmọ bá dá a lábàá, kí òbí má kàn jágbe mọ́ ọn. Kó bi í léèrè pé: “Nínú àwọn tó ń darí ọkọ̀, ta ló mọ̀ pé o wà lójú irin?” Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀, kí kẹ̀kẹ́ náà dúró sílé.