Ìbọn Abẹ́ Síìtì Kì í Ṣe Ààbò: Ọ̀rọ̀ sí Gbogbo Ẹni Tó Ń Gba Ọ̀nà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàrin wa láti Ìkìrun dé Ìnísà, dé Òkukù, pé ẹni tó bá ní ìbọn nínú mọ́tò ti bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé. Oníṣòwò ń sọ ọ́, awakọ̀ ń sọ ọ́ ní gáréèjì, àwọn ọmọ wa tó ń ti òkè òkun wálé lásìkò ọdún ń fi ọwọ́ sọ̀yà sọ ọ́. Wọ́n ní kí èèyàn ṣáà ti ní ìbọn ìléwọ́ kan lábẹ́ síìtì, kó kó ọta sí i, ó parí. Irọ́ ni, irọ́ tó ń pani sì ni. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn.

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọ̀nà kò léwu. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, bí wọ́n ṣe ń ti ìpàdé bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi wọ ààfin Olúkòró ti Kòró ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n pa òun náà. Ààlà Kwara ni ọ̀nà tiwa yìí dojú kọ, láti Òṣogbo gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Ẹni tó bá ń gbà á lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ kò ṣe ojo bí àyà rẹ̀ bá ń já. Oògùn tí wọ́n júwe fún ẹ̀rù náà ni mo ní kí a dà nù.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dáni lọ́nà. Àwọn ajínigbé ló ń yan ibi tí wọn yóò lúgọ sí. Ibi tí kòtò bá pọ̀ ni, tí mọ́tò kò ti lè sáré, tí igbó sì ti sún mọ́ títì lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ti rí yín kí ẹ tó rí wọn. Ìbọn ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti kẹ́ ẹ, wọ́n ti dojú rẹ̀ kọ gíláàsì yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí ìdarí ọkọ̀, bẹ́líìtì so yín mọ́ síìtì, ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì, ọmọ ń ké lẹ́yìn. Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, kí ẹ tó fi ọwọ́ tá ìbọn kàn nínú òkùnkùn abẹ́ síìtì, kí ẹ tó gbé e sókè, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ sì ronú sí èyí dáadáa: owó ni ajínigbé bá wá, òkú kì í sì í sanwó. Ẹni tó bá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á rò pé àwọn yóò rí owó lára rẹ̀, wọ́n á fẹ́ kó wà láàyè. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí ìbọn ti di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa kó tó pa wọ́n. Ohun tí wọ́n pè ní ààbò yẹn ló sọ ọ́ di òkú.

Bí ìbọn nìkan bá ń gbani, Ọ̀fà ni ì bá ti gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn olè wọ Ọ̀fà, ìlú tí kò jìnnà sí Òkukù rárá. Kí wọ́n tó kọjú sí àwọn báńkì, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìbọn wà ní àgọ́ náà. Àwọn tí ìjọba kọ́ ní ìbọn yínyìn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe oníṣòwò tó ra ìbọn ní kọ̀rọ̀ tí kò yìn ín rí. Èèyàn tó ju 30 lọ ni wọ́n pa lọ́jọ́ náà, ọlọ́pàá 9 wà nínú wọn, wọ́n sì kó ìbọn àgọ́ náà lọ. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ láìròtẹ́lẹ̀, ìbọn rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, ẹni tó wá pa á ló ń jogún rẹ̀. Kò sì yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ará Ìkìrun. Nígbà ogun Jálumi, ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn tó wá gbógun ti Ìkìrun mú ìbọn dání. Nígbà tí ìdágìrì mú wọn, odò Ọ̀tìn ló gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òfin, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ jù. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń ní, “Mo ti ń ṣe ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.” Ìwé wo? Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó ṣì ń múlẹ̀ títí di òní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ ní ìwé tirẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní ìpínlẹ̀. Ìbọn ọdẹ òyìnbó tí kì í yìn léraléra, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ló ń fọwọ́ sí i. Ìbọn ìléwọ́ kò sí nínú méjèèjì. Ìsọ̀rí èèwọ̀ ni òfin kà á mọ́, pẹ̀lú àgbá ogun, bọ́ǹbù àti ìbọn àwọn ológun, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló sì lè fún èèyàn láṣẹ láti ní i. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí àṣẹ yẹn, ọdún 10 ni ẹ̀wọ̀n tó kéré jù tí òfin náà kọ sílẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́wàá! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e gba iwájú àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣé ẹ ti bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́ pé ohun tí ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ nìyẹn? Ọlọ́pàá tó tan iná sínú mọ́tò tó rí ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín kò mọ̀ pé ọmọlúwàbí ni yín. Ó lè má dúró béèrè.

Àwọn ará òkè òkun yóò ní, “Àwa ń gbé e nínú mọ́tò ní Texas.” Òótọ́ ni. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àgbàlagbà tí òfin kò dè lọ́wọ́ lè gbé ìbọn ìléwọ́ níbẹ̀ láìgba ìwé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ìyókù fún wa. Nínú ìbọn tí wọ́n fẹjọ́ sùn pé wọ́n jí ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà ní 2022, bí ìdajì ló jẹ́ pé inú mọ́tò ni olè ti kó o. Ní Milwaukee, ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ìyá ọlọ́mọ kan ń wakọ̀ lọ ní títì márosẹ̀. Ìbọn kan yọ̀ jáde láti abẹ́ síìtì rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, mú un nílẹ̀, ó fà á, ọta gba ẹ̀yìn síìtì wọlé sára ìyá rẹ̀, ó sì kú. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn, ní Florida, ọmọ ọdún mẹ́rin yìnbọn lu ìyá tirẹ̀ lẹ́yìn nínú mọ́tò bákan náà, Ọlọ́run ló yọ obìnrin náà. Títì tó tẹ́jú bí ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbà o. Ẹ wo kòtò tó wà lójú ọ̀nà tiwa, kí ẹ sọ fún mi ibi tí ìbọn abẹ́ síìtì yóò wà kí ẹ tó dé Òkukù.

Àwọn kan a ní ti àwọn kò ní ọta nínú, àwọn ti yọ àpò ọta rẹ̀. Yíyọ àpò ọta kò sọ ìbọn di òfìfo: ọta kan lè wà ní ọ̀fun rẹ̀, ọta kan ṣoṣo náà ló sì ń pani.

Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò àti Àmọ̀tẹ́kùn, tí iṣẹ́ yín fi dandan gbé ìbọn le yín lọ́wọ́, n kò kà yín mọ́ àwọn tí mo ń bá wí. Bí ẹ kò bá sí, ta ni yóò wọ igbó tọ àwọn ìkà wọ̀nyí? Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín nítorí ohun tí gbogbo wa ń rí: ṣakabùlà tí wọ́n ti ki lẹ́yìn ọ̀kadà, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìhà èrò tó jókòó lẹ́yìn. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹ má ki ìbọn kí ẹ tó dé ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá ti kì í, ẹ yọ ohun tó ń ṣáná sí i kí ẹ tó gun ọ̀kadà tàbí kí ẹ tó wọ mọ́tò. Kí ìbọn wà nínú àpò rẹ̀, ní búùtù, kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí èèyàn. Kí ọta wà lọ́tọ̀. Ẹ má fi ẹtù sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, kó má sì sún mọ́ pẹtiróòlù tàbí ẹni tó ń mu sìgá. Bí ẹ bá fẹ́ yà ra àkàrà, ẹ má fi ìbọn sílẹ̀ nínú mọ́tò láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá délé, inú àpótí tó ní àgádágodo ni kó wọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ má sì wà níbi tí ọmọ mọ̀.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ tètè jáde kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà. Ẹ má dá rìn. Ẹ sọ fún ará ilé ìgbà tí ẹ kúrò àti ìgbà tí wọ́n lè máa retí yín. Ẹ fi nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sórí fóònù, ẹ sì ṣàlàyé fún wọn ibi tí igbó ti bo títì àti ibi tí ẹ ti rí àjèjì tó ń rìn kiri. Ẹ kóra jọ, ẹ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn pé kí wọ́n ro igbó ẹ̀bá títì, kí wọ́n sì dí àwọn kòtò wọ̀nyẹn, nítorí inú kòtò ni ajínigbé ti ń mú èèyàn.

Ẹni tí ìbọn ìléwọ́ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìní àṣẹ, kó má tà á fún ẹlòmíràn, kó má sì jù ú sódò. Kó wá lọ́yà, kí lọ́yà náà bá a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.