Ìgbín Kì í Ṣe Ẹrù Ọkọ̀ Òfurufú

Ọ̀rọ̀ ìgbín ni mo mú wá ní oṣù yìí, nítorí ìbéèrè tí ìyàwó ilé kan bi mí ní Ede. Òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìgbín sì ti ń jáde ní ẹ̀bá ọ̀nà oko. Àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ránṣẹ́ sílé pé ìgbín ni ọkàn òun ń fà sí. Ìyàwó ilé náà ti ra mẹ́wàá ní Ọjà Tìmì, ó sì ti wá agbọ̀n tí yóò kó wọn sí fún ẹni tí ń rìnrìn àjò. Ohun tí ó bi mí kò ju èyí lọ: mẹ́ta nínú wọn ní ara funfun, ǹjẹ́ ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú lè jẹ ìgbín funfun?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ó béèrè. Ìgbín ńlá ti igbó wa, èyí tí ìkarahun rẹ̀ tóbi tí ó sì yọ ikùn, sábà máa ń ní ara dúdú. Ṣùgbọ́n a máa ń rí èyí tí ara rẹ̀ funfun láti inú ẹyin wá. Àwọ̀ náà kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe májèlé. A ń jẹ méjèèjì. Mo mọ̀ pé ìgbín ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ọbàtálá. Bí ilé ọkọ yín bá ní èèwọ̀ lórí rẹ̀, ìyá ọkọ yín ni kí ẹ bi, ẹ má bi mí.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò béèrè ni ó wúwo jù. Ní oṣù keje ọdún 2014, àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles rí ìgbín òòyè 67 nínú agbọ̀n méjì tí a fi ránṣẹ́ láti Nàìjíríà. Jíjẹ ni ẹni tí ó ni wọ́n fẹ́ jẹ wọ́n. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé ìgbín ńlá ti igbó wa yìí gan-an ni. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi iná sun. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gba ìgbín òòyè irú èyí wọlé rárá, ì báà ṣe ẹyọ kan.

Ẹ ó ní, ṣé ìgbín lásán ni wọ́n ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀? Ìyà ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1966, ọmọkùnrin kan gbé ìgbín mẹ́ta láti Hawaii wá sí Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ìyá rẹ̀ àgbà kò fẹ́ wọn nínú ilé, ó sì dà wọ́n sí inú ọgbà. Lẹ́yìn ọdún méje, ìgbín tí wọ́n ṣà ti lé ní 18,000, owó tí wọ́n sì ná láti pa wọ́n run tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní ọdún 2011, ó tún yọjú ní Miami. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi dọdẹ rẹ̀, tí wọ́n ń lo májèlé àti ajá tí a kọ́ láti máa gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tó lè sọ ní ọdún 2021 pé ó tán. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún 2022, òmíràn tún jáde ní àgbègbè Pasco, ní ìpínlẹ̀ náà kan náà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti padà wọlé: ara eérú ni ti Miami, ara funfun ni ti Pasco. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn tí ń fi ìgbín ṣeré nínú ilé ni ó bọ́ mọ́ lọ́wọ́, nítorí funfun rẹ̀ wù wọ́n.

Kì í ṣe irú ti igbó wa ni ìyẹn. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ìkarahun rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ìgbín wa ń yé ẹyin ńláńlá díẹ̀. Òun lè yé tó igba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oríṣi ewéko tí ó ń jẹ lé ní 500, a sì tún máa fá ògiri ilé jẹ nítorí ẹfun inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ́bodè kì í dúró ka ẹyin.

Ní etíkun Florida kan náà, ẹja àjèjì kan wà tí wọ́n ń pè ní lionfish. Ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i níbẹ̀. Ó ní ìlà pupa àti funfun, àwọn kan sì dúdú bí ẹni pé a fi èédú kùn wọ́n. Àwọn òmùwẹ̀ ń fi ọ̀kọ̀ gún un, wọ́n sì ń sè é jẹ kí ó lè dín kù. Kí ló dé tí wọn kò ṣe ìgbín bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni pé ìgbín náà lè ti jẹ májèlé tí wọ́n dà sílẹ̀ fún un. Èkejì ni aràn kan tí ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró eku, tí ìgbín sì máa ń gbé kiri. Bí ó bá wọ inú ènìyàn, ó lè kọlu awọ tí ó bo ọpọlọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án.

Ìkìlọ̀ yìí kan àwa náà nínú ilé ìdáná wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré fi ìgbín ṣeré kí ó sì ti ìka bọ ẹnu. Bí ẹ bá ti fi òrombó wẹ́wẹ́ tàbí áálọ́ọ̀mù fọ yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ. Ẹ bọ̀ ọ́ kí ó jinná dénú kí ẹ tó dín in. Ìgbín tí iná kàn gbà lára lásán kò tíì jinná.

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyàwó ilé náà. Inú rẹ̀ kò dùn, nítorí owó ti jáde. Mo bá a wá àpótí pákó kan. A bu ilẹ̀ dúdú láti abẹ́ igi kòkó sí i, a fi àwọ̀n bò ó, a sì gbé e sí ibòji. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo omi nítorí ìjàlọ. Ewé ìbẹ́pẹ ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú èèpo ẹyin adìẹ tí a gún kí ìkarahun wọn lè le. A kò jẹ́ kí iyọ̀ kan wọ́n rárá. Àbúrò náà ti sọ pé òun ń gbé ọmọ bọ̀ wálé ní ọdún Kérésì. Mẹ́ta funfun náà, ó ní òun kò ní pa wọ́n, òun fẹ́ wo àwọ̀ tí ọmọ wọn yóò ní.