Ìwé Ni Kó Ṣáájú Ìbọn

  Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kẹ́nikẹ́ni má ṣe fò sókè o, ẹnu lásán ni mo fẹ́ fi yìn ín.

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà kan wà ní Ìlobùú tí n kò ní í dárúkọ. Ó ní oko gbágùúdá díẹ̀ sí ọ̀nà Ìfọ́n. Ọ̀yà ò jẹ́ kó gbádùn oko náà. Ohun tó bá gbìn lónìí, ọ̀yà á ti wà á jẹ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ni ẹ̀gbọ́n bá ní òun á ra ìbọn onímú méjì. Ó ṣe é bí ọmọlúàbí o: ó lọ bá ọlọ́pàá, ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, ó kọ fọ́ọ̀mù, ó wá ń retí láísẹ́ǹsì. Oṣù kan, oṣù méjì, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ibi tó ti ń retí ni ọkùnrin kan ti yọ sí i. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, irú ìbọn tẹ́ ẹ ń wá ti wà nílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń lé e kiri. Bẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, ẹlòmíì á gbé e. Ẹ san ìdajì owó, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sílé. Bí láísẹ́ǹsì bá jáde, ẹ san ìyókù."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yìí, tó ń ta èlùbọ́, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: "Ìwọ ọmọ oníwèé ìròyìn, ṣé kò séwu nínú ohun tí bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ ṣe yìí? Èsúsú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fẹ́ kí n fi ràn án lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ìyá wa, ewu wà ńbẹ̀ o! Èsì tí mo fún un náà ni mo fẹ́ fún gbogbo yín, nítorí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ni wọ́n ń fi irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ̀.

Láti ọdún 1959 ni òfin ìbọn ti wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni ti ológun: ìbọn arọ̀jò ọta, bọ́ǹbù àti irú wọn. Àfi ẹni tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí. Ìkejì ni ti ara ẹni: irú onímú méjì tí wọ́n ń fi ọwọ́ ki ọta sí, àti ìbọn tí wọ́n fi ń dẹ̀gbẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ìwé tiwọn ti ń wá. Ìkẹta ni ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń ki ẹtù sí lẹ́nu. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé tirẹ̀ o. Ẹni tó bá ní "bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi" kò tíì sọ nǹkan kan. Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé bàbá, ọmọ gbọ́dọ̀ lọ gba tirẹ̀.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí. Ìbọn tí gbogbo èèyàn ń lé kiri yẹn, èwo ni? Nígbà tí mo fi ọgbọ́n wádìí, pump action ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹ̀gbọ́n, èyí tí wọ́n ń fà sẹ́yìn tì síwájú kí ọta mìíràn tó wọlé. Òfin yọ irú ẹ̀ kúrò láàárín ìbọn tí ará ìlú lè gba láísẹ́ǹsì fún. Ìyẹn ni pé láísẹ́ǹsì onímú méjì tí ẹ̀gbọ́n ń retí, ká ní ó jáde lọ́la, kò lè bo ìbọn ọ̀hún láṣìírí. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlélọ́gọ́ta (661) irú ìbọn yìí ni àwọn aṣọ́bodè gbà nínú kọ̀ńténà kan ṣoṣo l'Ékòó. Abẹ́ ilẹ̀kùn irin ni wọ́n kó wọn pa mọ́ sí. Ọjà tí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn bò mọ́lẹ̀ kó tó wọ̀lú, ṣé irú ẹ̀ ló yẹ ká fi owó èsúsú rà?

Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé, òfin tó de ìdigunjalè àti ohun ìjà ti sọ èrè rẹ̀: owó ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní í dín ní ọdún 10, tàbí kí wọ́n so méjèèjì pọ̀ fún un. Ọdún mẹ́wàá! Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lónìí á ti parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó dé. Bẹ́ẹ̀, òfin kò bèèrè ẹni tó sanwó nìkan. Ẹni tí ìbọn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló ń wá. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, bí ọkọ tàbí àbúrò bá ní kẹ́ ẹ bá òun fi ẹrù gígùn kan sábẹ́ àpò èlùbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ̀ ọ́. Bí ọlọ́pàá bá dé, ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n bá a, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ mú.

Àwọn kan á ní, "Ó ti kọ fọ́ọ̀mù ná, ìwé ń bọ̀ lọ́nà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ṣé ó ti gbé ìyàwó wálé? Rìsíìtì fọ́ọ̀mù kì í ṣe láísẹ́ǹsì. Ìdúró yẹn gan-an ní ìtumọ̀. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìbọn, wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ bí wọn ò bá wádìí? Lóòótọ́, àwọn ọ̀gá wa máa ń fi nǹkan falẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìjáfara wọn kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ di òdodo.

Gómìnà pàápàá ń retí ìwé. Lọ́dún 2022, olóògbé Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà, fi ẹ̀hónú hàn gidigidi pé kí wọ́n jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn máa gbé ìbọn ńlá. Àbújá fèsì pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí wọ́n fún láṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí gómìnà tó ní ọlọ́pàá lẹ́yìn bá ń retí, ta ni káfíńtà tó fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé?

Èyí tó ká mi lára jù ni ibi tí ìbọn yìí ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti na ọjà Ìlobùú àti ti Ìfọ́n rí, ẹ mọ̀ pé ilé kan ilé ni. Àlejò kò lè mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jọ ń fẹ́ ara wọn, wọ́n jọ ń sin òkú. Ìlobùú ń bọ Erinlẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ, Ìfọ́n ń bọ Òrìṣà Olúfọ́n aláṣọ funfun. Ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Lọ́dún 2025, ìjà náà tún rú yọ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tòmátì nílẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ ohun tí ojú yín rí.

Ìbọn tí ẹ̀gbọ́n rà nítorí ọ̀yà, lọ́jọ́ tí ariwo bá ta, ṣé ọ̀yà náà ló máa yìn ín sí? Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò á ti mọ̀ pé ó wà nílé. Wọ́n á ní kó gbé e jáde. Bó bá kọ̀, wọ́n á pè é lọ́dàlẹ̀. Bó bá gbà, àna rẹ̀ ní Ìfọ́n ló máa dojú rẹ̀ kọ. Ará Ìfọ́n tó bá sì gbọ́ pé káfíńtà ti ra ìbọn, òun náà á wá èyí tó ju tirẹ̀ lọ. Bó ṣe rí nígbà ogun Kírìjì nìyẹn, níbi tí kò jìnnà sí wa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877. Ekitiparapọ̀ ra ìbọn tuntun láti Èkó tó ju ṣakabùlà lọ, Ìbàdàn náà ò káwọ́ gbera, wọ́n wá tiwọn. Ìbọn kò bá wọn parí ìjà náà. Ìwé àdéhùn ni wọ́n padà tọwọ́ bọ̀.

Ohun tí mo wí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rèé. Kó má fowó èsúsú sílẹ̀ láìrí láísẹ́ǹsì pẹ̀lú orúkọ ọkọ rẹ̀ àti irú ìbọn tó gbà á fún. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbé ìbọn kẹ́ ẹ tó mú ìwé wá, ẹ yẹra fún un, bó bá ká yín mọ́ tán, á ní òun ò mọ̀ yín rí. Kí ẹ̀gbọ́n máa lọ béèrè ìwé rẹ̀ ní tẹ̀ṣọ̀n lóòrèkóòrè, kó sì fi rìsíìtì rẹ̀ pa mọ́. Ní ti ọ̀yà, pàkúté wà, ọgbà wà, ajá wà. Àwọn ọdẹ tó ní ìwé náà sì wà nílùú. Kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá a ṣọ́ oko, kí wọ́n jọ pín ẹran tí wọ́n bá pa.

Àwọn àgbà ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ lọ bá lọ́yà tàbí àgbà àdúgbò tó mọ̀wé, kó sìn yín lọ sí tẹ̀ṣọ̀n kílẹ̀ tó ṣú. Ọmọ yín ni mí, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí gbágùúdá bàjẹ́ díẹ̀ lóko, kí ẹ̀yin sì wà nílé láti tún òmíràn gbìn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.